Lẹ́tà Mẹ́rin Tí Kò Dé Oníyanrìn

Kúlúsúmù kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà fún ẹlòmíràn. Ohun tí gbogbo Ọjà'ba ní Ìbàdàn fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, táìpù ló ń tẹ̀ lábẹ́ páànù kan nísàlẹ̀ Màpó, ìwé ìbúra àti ìwé ẹ̀bẹ̀ fún àwọn tó ní ẹjọ́ ní kóòtù. Ọdún mẹ́tàlá ló fi jókòó síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ aya, ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta ilẹ̀ bàbá wọn lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ kọ sórí ìwé ẹ̀rí, abẹ́ ìka rẹ̀ ni gbogbo wọn gbà kọjá. Bí o bá bi í léèrè, á ní iṣẹ́ lòun ń tẹ̀, òun ò kà á. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan àbọ̀, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ó ń kà á. Ó kàn ń gbé e mì ni.

Ọmọ àdúgbò Ọ̀rányàn ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ilé bàbá rẹ̀ ló padà sí, òun àti ìyá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì jọ ń gbé. Kò bímọ. Lọ́dún 1997, ọkùnrin kan tó ti ń ta ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ní Bẹẹrẹ tipẹ́, Gabriel Adéníyì, gba yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fa fóònù wọ̀ ọ́, ó ra kọ̀ǹpútà kan, ó sọ ibẹ̀ di bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ọ̀gá Gabriel mọ ọjà tà, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀rọ. Ló bá sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ Kúlúsúmù kó fi táìpù sílẹ̀, kó wá máa bá òun jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Bí ímeèlì ṣe rí nígbà náà kọ́ ló rí lóde òní. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ní, gbogbo àdúgbò ló sì ń lò ó, láti Màpó dé Bẹ́yẹrúnkà. Ẹni tó bá lọ́mọ lẹ́yìn odi á fún ọmọ náà ní àdírẹ́sì ọ̀hún, á sì kìlọ̀ fún un pé kó kọ orúkọ ẹni tó ni lẹ́tà àti àdúgbò rẹ̀ sí orí lẹ́tà, níbi tí ojú á ti kọ́kọ́ rí i. Kúlúsúmù á tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, á ká a, á fi sínú páálí títí oníǹkan á fi dé. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, á kà á fún un ní kọ̀rọ̀.

Lẹ́tà wọ̀nyí kì í wọ Bẹẹrẹ tààrà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ló ni ẹ̀rọ ńlá tí àpótí lẹ́tà wọn wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀, Kúlúsúmù á fi kọ̀ǹpútà pe Èkó lórí fóònù, ẹ̀rọ á ké wíì-wíì bí ẹyẹ tí wọ́n dé mọ́ abẹ́ igbá, lẹ́yìn náà lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí fóònù bá já, á tún un pè.

Kò pẹ́ tí pàǹtí fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá lẹ́tà rìn. Kúlúsúmù ló sọ wọ́n ní pàǹtí. Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè ni wọ́n, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀: òògùn tó ń mú irun hù, àwòrán ìhòòhò, ọkùnrin tó ní òun fẹ́ pín ogún bàbá òun fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dá òun lóhùn. Nígbà tí ọdún 1998 ń lọ sópin, bí lẹ́tà gidi mẹ́fà bá wọlé, ogójì pàǹtí ló máa ń yí i ká. Fóònù á wà lórí ìpè títí, iná á sì lọ kí lẹ́tà gidi tó sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá Gabriel ní bó bá ń lọ báyìí, òun á kúkú ti ṣọ́ọ̀bù.

Ọkùnrin kan wà ní ilé-iṣẹ́ Èkó yẹn tó ń jẹ́ Fákáyọ̀dé. Kúlúsúmù kò rí i rí, ohùn rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó ṣàlàyé fún un pé àwọn lè fi òfin sẹ́nu ọ̀nà àpótí níbẹ̀ ní Èkó. Kí Kúlúsúmù sọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lórí pàǹtí fún òun. Lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ á pa á rẹ́, kò ní dé Ìbàdàn rárá. Kúlúsúmù bi í pé ibo ni èyí tí wọ́n bá pa rẹ́ ń lọ. Ó ní kò lọ síbì kankan, ó ti tán nìyẹn. Kúlúsúmù tún bi í pé bó bá ṣe pé lẹ́tà ènìyàn gidi ló gbé ọ̀rọ̀ náà sórí ńkọ́. Fákáyọ̀dé rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ẹ̀rọ kì í mọ ènìyàn, ohun tí wọ́n bá ní kó wò ló ń wò.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ara tu gbogbo wọn. Àmọ́ pàǹtí tún ń wá ọ̀nà mìíràn gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1999, èyí tó gbòde ni àwọn tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ URGENT sórí wọn, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ pé kánjúkánjú ló ń wí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mẹ́rìnlá ló wọlé lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ ti àdúgbò nínú wọn. Ọ̀gá Gabriel kò sí nílé. Kúlúsúmù gbé fóònù, ó ní kí Fákáyọ̀dé fi ọ̀rọ̀ náà kún òfin. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà mẹ́sàn-án péré ló sọ̀kalẹ̀, gbogbo wọn ló mọ́ tónítóní, ó sì sọ fún mi nígbà tó yá pé inú òun dùn lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Eunice ti gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é ní Oníyanrìn, àdúgbò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kẹ́hìndé ti kú kó tó pé ọmọ ọdún méjì. Aṣọ funfun tí wọ́n ń wọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ló ń rán. Táíwò tó kù ti wà ní ilẹ̀ Ítálì láti ọdún mẹ́fà, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Túrìn, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ irin ọkọ̀. Yéwándé ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ irun dídì.

Obìnrin kan ló dé sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, Àǹtí Olúbùnmi. Ó ní Ítálì lòun ń gbé. Kì í gbé ohùn sókè. Iwájú pátápátá ló máa ń kúnlẹ̀ sí, ó máa ń ra bàtà fún àwọn ọmọbìnrin tó ń kọrin, ó sì máa ń bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ àti bóyá bàbá rẹ̀ ṣì wà láyé. Àánú ni wọ́n kà á sí nígbà náà. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ fún ọmọbìnrin tó mọ irun dì, òun á san owó ọkọ̀ òfuurufú, àwọn ọmọ náà á sì máa ṣiṣẹ́ dá a padà díẹ̀díẹ̀. Yéwándé ló kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀. Comfort tẹ̀ lé e, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Bẹ́yẹrúnkà, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lójú kan. Bàbá àwọn méjèèjì ti kú.

Ìyá Ìbejì kò gbà kíá. Ìdí tó fi wá sí Bẹẹrẹ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó ní kí Kúlúsúmù kọ̀wé sí Táíwò, kó dárúkọ obìnrin náà, kó sọ ìlú tó ní òun ń gbé, kí Táíwò bá òun wádìí rẹ̀. Ó ní, "Má fi ìkankan pamọ́ fún un. Sọ fún un pé ojú ọmọ náà ti kúrò nílé, ẹnu tirẹ̀ nìkan ló kù tó lè dá a dúró." Kúlúsúmù tẹ̀ ẹ́ bó ṣe sọ ọ́, ó sì fi í ránṣẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìbejì padà wá. Kúlúsúmù wo inú páálí, ó ní, "Kò tíì sí nǹkan, Mà." Ọjọ́ Ẹtì kejì, bákan náà. Ní ọjọ́ Ẹtì kẹta, Ìyá Ìbejì kò tilẹ̀ jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ pé kò sí nǹkan, ó mi orí.

"Táíwò kì í dákẹ́ sí ohun tí kò bá dáa," ó ní. "Bó bá ti dákẹ́, ó fọwọ́ sí i nìyẹn."

Kúlúsúmù sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kan gun òun lọ́fun lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo lẹ́tà tí wọ́n bá kọ ló ń dé Bẹẹrẹ mọ́, pé wọ́n ti fi nǹkan sẹ́nu ọ̀nà tó ń pa àwọn kan rẹ́. Ó tún rò ó pé pàǹtí ni àwọn yẹn, kí ló kan Táíwò níbẹ̀? Ó gbé e mì.

Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Àǹtí Olúbùnmi fúnra rẹ̀ gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá. Ọ̀sán gangan ni, kò sí oníbàárà. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó wo páálí lẹ́tà, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Ó bèèrè bóyá ibí ni lẹ́tà Ìyá Ìbejì ti Oníyanrìn máa ń gbà wọlé. Kúlúsúmù ní òun kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìwà tó dáa nìyẹn, kó má fi í sílẹ̀. Ó tún bèèrè, bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré, bóyá ọmọkùnrin yẹn ti dáhùn. Kúlúsúmù ń tún páálí lẹ́tà tò. Àǹtí Olúbùnmi wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ó rí ìdáhùn tó ń wá níbẹ̀. Ó dìde, ó gbé ìgò lọ́fínńdà kékeré kan sórí tábìlì, ó ní kó máa fi ra ara, ó bá sọ̀kalẹ̀ lọ. Kúlúsúmù kò ṣí ìgò náà, àmọ́ òórùn rẹ̀ kò kúrò nínú yàrá títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje oṣù kẹfà, Fákáyọ̀dé pè láti Èkó. Ó ní àwọn ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, gbogbo òfin ti pa rẹ́, òun á tún un tò tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀. Kí wọ́n fara da pàǹtí fún ọjọ́ díẹ̀.

Ní ọjọ́rú, lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló sọ̀kalẹ̀. Ó gba gbogbo àárọ̀. Kúlúsúmù ń wo orí wọn, ó ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ sì ti mọ iṣẹ́ náà débi pé kò wo inú wọn mọ́. Ó kan ọ̀kan tí wọ́n kọ URGENT URGENT sórí rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti ń lọ kó tó rí ohun tó kù níwájú ọ̀rọ̀ náà: ÌYÁ ÌBEJÌ, ONÍYANRÌN.

Ó ṣí i. Ohun tó bá níbẹ̀ nìyí:

"Màámi, ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí mò ń kọ èyí rèé. Mo kọ kánjúkánjú sórí gbogbo wọn kí wọ́n lè tètè rí i fún yín. Mo ti bèèrè obìnrin yẹn. Orúkọ tó sọ fún yín kọ́ ló ń jẹ́ níbí. Kì í kó wọn gba òfuurufú. Kánò ló ń kó wọn gbà, láti ibẹ̀ wọ aṣálẹ̀, lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn tó bá dé ibí, ẹ̀bá títì ló ń kó wọn sí lálẹ́ fún ọkùnrin. Mo bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, ọmọ Ìbàdàn ni, kò gbà láti sọ ilé tí wọ́n ti bí i. Ó ní mẹ́sàn-án làwọn kúrò nílé, mẹ́rin làwọn dé. Ẹ má jẹ́ kí Yéwándé lọ. Mo ń pe fóònù ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, kò wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn."

Kúlúsúmù tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò ti kọ̀ǹpútà pa, kò sì ti ilẹ̀kùn. Láti Bẹẹrẹ dé Oníyanrìn kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ó sì sáré lọ bí ọmọdé, gèlè lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ilé dákẹ́. Kúlúsúmù bèèrè Yéwándé. Ìyá Ìbejì ní òun àti àwọn ọmọbìnrin yòókù ti lọ, pé lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ni wọ́n ti gbéra lọ sí Èkó, ọkọ̀ òfuurufú á gbé wọn nírọ̀lẹ́.  Kúlúsúmù ṣí ìwé náà, ó kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ Kánò, Ìyá Ìbejì fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó dìde, ó wá bàtà, kò rí i, ó jáde láìwọ bàtà. Ó ní Èkó ni kí àwọn máa lọ. Kúlúsúmù ní rárá, bó bá jẹ́ òótọ́ ni Táíwò sọ, wọn ò lọ sí Èkó, ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ tó ń lọ sílẹ̀ Hausa ni kí àwọn wá wọn lọ.

Takisí kan gbé wọn dé gárèèjì ní Ọjọ́ọ̀. Bọ́ọ̀sì ńlá kan tó ń lọ sí Kánò ṣì dúró, èrò méjì ló kù kó kún. Àwọn ọmọbìnrin náà wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, àwọn mẹ́rin, wọ́n wé irú gèlè kan náà. Àǹtí Olúbùnmi kò sí níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó sanra ló jókòó níwájú wọn, ó ti di gbogbo ìwé wọn mọ́ ọwọ́.

Yéwándé rí ìyá rẹ̀, ó sì gbé ojú sílẹ̀. Ìtìjú ló kọ́kọ́ bá a, kì í ṣe ayọ̀. Ó ní ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún àwọn pé ètò ti yí padà, pé ọkọ̀ òfuurufú ti Kánò ló dín owó. Ọkùnrin tó sanra náà ní kí àwọn màmá sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Kúlúsúmù tí kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà dúró láàárín ọkọ̀ náà, ó ka lẹ́tà sókè, gbogbo èrò ń gbọ́.   Nígbà tó kà á tán, Ìyá Ìbejì na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Bọ́ sílẹ̀." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yéwándé dìde.

Kúlúsúmù yíjú sí Comfort, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀ lé wọn, kí àwọn kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Comfort di etí ìjókòó mú.

"Kò sí orúkọ mi nínú ìwé yẹn," ó ní. "Yéwándé ni Bùọ̀dá Táíwò kọ̀wé fún. Òun ní ẹni tó máa fi owó ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun. Èmi ò ní."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, Yéwándé pàápàá bẹ̀ ẹ́. Àwọn méjì tó kù ń wo ilẹ̀, wọn ò tilẹ̀ sọ orúkọ wọn. Èrò méjì tó kù dé, awakọ̀ tan iná, àwọn ọmọ gárèèjì fa Kúlúsúmù sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní wàhálà ilé kì í ṣe ti inú ọkọ̀. Ó rí ojú Comfort lẹ́yìn gíláàsì. Kò sunkún. Ó ń wo iwájú.

Láti gárèèjì, Bẹ́yẹrúnkà ni wọ́n kọrí sí. Ìyá Comfort ń wọn kẹrosíìnì fún oníbàárà níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lọ́túnla. Yàrá tí Àǹtí Olúbùnmi gbà ní Òkè-Àdó ti ṣófo. Wọ́n ti gbá a mọ́. Àpòòwé kan ló bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, fọ́tò kékeré àwọn ọmọbìnrin ló wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dá Yéwándé mọ̀, wọ́n dá Comfort mọ̀. Àwọn mọ́kànlá tó kù, kò sẹ́ni tó mọ ilé wọn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Kúlúsúmù pe Èkó. Fákáyọ̀dé wo ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ àtijọ́, ó ní òótọ́ ni, lẹ́tà mẹ́rin wá láti àdírẹ́sì yẹn, òfin pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ́. Kúlúsúmù bèèrè ọjọ́ tí àkọ́kọ́ wọlé. Ó ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù karùn-ún. Kúlúsúmù ka ọjọ́ náà lórí ìka: mẹ́rìnlélógún ló fi ṣáájú ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà gbéra.

Ní àdúgbò, yàtọ̀ sí Ọ̀gá Gabriel, kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ bí kò bá sọ ọ́. Ìyá Ìbejì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ káàkiri Oníyanrìn, ó ń pè é ní áńgẹ́lì. Ọ̀gá Gabriel ní kó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn. Ọjọ́ méjì ló fi gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́nú. Ní ọjọ́ kẹta, ó lọ bá Ìyá Ìbejì, ó mú un kúrò nílé láìsọ ìdí, wọ́n jọ lọ sí Bẹ́yẹrúnkà. Ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn méjèèjì, ó sọ gbogbo rẹ̀: òfin, ọ̀rọ̀ tó fi kún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ẹtì tó ní kò sí nǹkan nígbà tí nǹkan ti wà.

Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n, pé òun ò ní ẹjọ́ kankan bá a rò, ọmọ òun wà nílé. Bó ṣe sọ ìyẹn tán ló rántí ẹni tó jókòó tì í.

Ìyá Comfort kò gbé ohùn sókè. "Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún," ó ní. "Ká ní mo gbọ́ lọ́jọ́ kìíní, ǹ bá ti tì í mọ́lé. Á bú mi, á sunkún, á kórìíra mi. Ṣùgbọ́n á wà nínú ilé." Ó gbé ike kẹrosíìnì rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Kúlúsúmù rò pé àwọn ò ní ríra wọn mọ́. Ní ọjọ́ Ajé, kó tó dé ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Comfort ti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò kí i. Ó bèèrè bóyá wọ́n ti dá òfin yẹn padà sẹ́nu ọ̀nà. Kúlúsúmù ní wọn ò tíì dá a padà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ti Èkó ò tíì parí. Ó ní, "Má dá a padà. Gbogbo ohun tó bá wọlé ni wàá máa kà fún mi. Gbogbo ẹ̀. Comfort kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orí lẹ́tà. Ó lè kọ ohunkóhun sí i."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá Gabriel bínú sí i, ó ní òun ò lè máa gbé pàǹtí gbogbo ayé láti Èkó nítorí ẹnì kan. Kúlúsúmù ní bí òfin bá padà, òun á padà sábẹ́ páànù ní Màpó. Ọ̀gá mọ̀ pé kò sẹ́lòmíràn tó mọ iṣẹ́ náà, ló bá fi wọ́n sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Comfort á jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, Kúlúsúmù á máa ka pàǹtí fún un ní Yorùbá. Òògùn irun. Ogún bàbá ẹni tí kò sí. Ohun tí ojú ń tì í láti kà, obìnrin náà á ní kó kà á, ó lè jẹ́ inú rẹ̀ ni Comfort fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí.

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá, lẹ́tà kan wọlé tí kò ní nǹkan kan lórí. Nọ́ńbà lásán ni àdírẹ́sì tó ti wá. Ìlà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ní Yorùbá:

"Ẹ bá mi kí màmá mi ní Bẹ́yẹrúnkà. Ẹ ní mo wà. Ẹ má dáhùn lẹ́tà yìí."

Kúlúsúmù kà á. Ìyá Comfort ní kó tún un kà. Ó tún un kà nígbà mẹ́ta, ohùn rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Kò sí orúkọ, kò sí ìlú, kò sí ohun tó fi hàn pé Comfort ni, àyàfi Bẹ́yẹrúnkà. Kúlúsúmù gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì ẹ̀rọ, ó bèèrè ohun tí àwọn máa kọ. Ó ní ó kéré tán, àwọn lè bèèrè ibi tó wà.

Ìyá Comfort di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ní ká má dáhùn," ó ní. "Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kà á."

Wọn ò dáhùn. Kúlúsúmù tẹ ìlà mẹ́ta náà jáde, Ìyá Comfort ká ìwé náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ ta kẹrosíìnì.

Mo lọ kí Kúlúsúmù ní oṣù Kejìlá, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì. Yéwándé ti ṣí ṣọ́ọ̀bù irun sí Oníyanrìn nígbà náà, àwọn ènìyàn sì ní kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sẹ́yìn òun bó bá ń ṣiṣẹ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo bá àwọn obìnrin méjèèjì. Lẹ́tà mìíràn kò tíì wá láti ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá. Kúlúsúmù ti rù, ó ti ń lo awò ojú. Ó fi orí kí mi, kò dá ìwé kíkà dúró. Lẹ́tà ẹnì kan tó ń ta ilẹ̀ ní ìlú tí kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ló ń kà, ó kà á títí dé ìsàlẹ̀, ó ka àdírẹ́sì, ó ka nọ́ńbà fóònù. Ìyá Comfort tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni.

Nígbà tó parí, obìnrin náà tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Òmíràn."